Dáínọ́sọ̀ tí mo ní ó jẹ́ ti Nàìjíríà kì í ṣe tiwa: ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe

Lónìí, ọ̀rọ̀ olóṣèlú kọ́ ni mo gbé wá, owó epo kọ́ sì ni. Àṣìṣe kan ni mo fẹ́ tún ṣe, tèmi gan-an sì ni.

Ẹ ó rántí pé mo kọ nǹkan kan níjọ́sí nípa àwọn ẹranko ayé àtijọ́ tí gbogbo ayé ń pè ní dáínọ́sọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ouranosaurus nigeriensis, pé ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, pé ogbe wà lórí rẹ̀ bíi ti àkùkọ, àti pé Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wa. Inú yín dùn sí i, ẹ pín in kiri lórí fóònù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nǹkan méjì nínú ohun tí mo sọ yẹn kì í ṣe òótọ́. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o. Mo kàn rí “nigeriensis”, orí mi wú, mi ò sì wádìí síwájú mọ́. Èmi tí mo máa ń bú àwọn tó ń gbé ìròyìn láìwádìí!

Ẹni tó mú mi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Ọmọ àbúrò mi ni, JSS 2 ló wà, Akínmọ̀ọ́rìn ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ níbẹ̀ yẹn. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà.”

“Káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé kò sí?”

“Kò sí mà. Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní Nàìjíríà ni wọ́n ti rí dáínọ́sọ̀ yẹn. Mo dìde, mo sọ ọ́ ní kíláàsì. Tísà wa ní rárá, ní Niger ni. Gbogbo wọn wá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń pè mí ní Dáínọ́sọ̀ báyìí.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Ọmọ náà gbà mí gbọ́ nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́. Mo ṣèlérí pé màá wá bá a lọ́jọ́ Sátidé, pé a jọ máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, ó ti dúró dè mí pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé àti bírò. Wọ́n ń gbẹ́ kànga lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀ lásìkò yẹn, òkúta tí wọ́n kó jáde wà níbẹ̀ gègèrè. Ẹ fi òkúta yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Orúkọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ méjì-méjì ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń fún ẹranko. Èyí àkọ́kọ́ dà bí orúkọ ìdílé tí àwọn ìbátan lè jọ máa jẹ́, èyí kejì ló yà á sọ́tọ̀. “-ensis” jẹ́ èdè Látìn, “ará ibì kan” ló ń sọ. Ní ọdún 1976 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Philippe Taquet, fún ẹranko yìí lórúkọ. Gadoufaoua ni wọ́n ti hú u, nínú aṣálẹ̀ Ténéré, ní orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa lókè. “Ourane” ni àwọn Tuareg ń pe awọ́nrínwọ́n inú aṣálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tún ní í ṣe pẹ̀lú akin. (Ẹ̀yin ará Akínmọ̀ọ́rìn, ẹ ò rí nǹkan!) Nítorí náà, nigeriensis rẹ̀ túmọ̀ sí ará Niger. Àṣìṣe mi kìíní nìyẹn.

Ibi tó ti ń dani rú ni pé odò kan náà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ti mú orúkọ, odò tí àwa ń pè ní Odò Ọya. Ọ̀rọ̀ Látìn kan ṣoṣo lè tọ́ka sí ìhín tàbí ọ̀hún. Ẹ sì wò ó, nigeriensis tiwa wà lóòótọ́! Goronyosaurus nigeriensis lorúkọ rẹ̀, Gòróńyò ní ìpínlẹ̀ Sókótó ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọdún 1930 ni Swinton kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, wọ́n wá fún un ní orúkọ Goronyosaurus ní 1972. Àmọ́ òun kì í ṣe dáínọ́sọ̀ rárá. Ara àwọn mosasaur ni, àwọn aláǹgbá gìrìwò tó ń gbénú òkun láyé ọjọ́un, tí ìran wọn sún mọ́ ti awọ́nrínwọ́n àti ejò òde òní. Òkun ló bo apá ibẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ yìí pé Sókótó ti jẹ́ òkun rí, ó fi bírò sílẹ̀.

“Sókótó, Àǹtí? Tí oòrùn ibẹ̀ pọ̀ tó yẹn?”

Sókótó náà ni.

Àṣìṣe kejì ló gba àlàyé, òun gan-an ló sì dùn jù. Mo pe Ouranosaurus ní ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ tó ní ogbe. Kí ni ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ tó ní ogbe gan-an? Ta ló sọ pé ẹni báyìí ni, ẹni báyìí kọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi agboolé ṣe é. Bí àjèjì bá wọ ìlú Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ilà ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ilé kan ni. Kì í ṣe pé ọmọ náà ga, kì í ṣe pé ó pupa, nítorí pé ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ lè ga kó sì pupa. Àmì tí ìdílé kan nìkan ní ni wọ́n ń wò. Ohun tí àwọn tó ń ya àwọn dáínọ́sọ̀ sí ìdílé ń ṣe nìyẹn, àyàfi pé abẹ kọ́ ló kọ ilà tiwọn, inú egungun ló wà, àjogúnbá sì ni. Wọ́n ń wá àmì tí baba ńlá kan ní, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ jogún, tí ará ìta kò ní.

Ní 1887 ni Harry Seeley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín àwọn dáínọ́sọ̀ sí agboolé ńlá méjì nípa wíwo egungun ìbàdí wọn. Ó pe àwọn kan ní oníbàdí aláǹgbá, ó pe àwọn tó kù ní oníbàdí ẹyẹ. Ẹ ẹ́ rò pé inú agboolé oníbàdí ẹyẹ ni adìẹ ti jáde wá, àbí? Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Inú agboolé oníbàdí aláǹgbá ni gbogbo ẹyẹ ti wá. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, àmọ́ nínú iṣẹ́ yìí orúkọ kì í sábà roni. Orúkọ tí wọ́n bá ti fún ẹranko kì í tètè yí padà, ìmọ̀ nípa rẹ̀ ló ń yí.

Àwọn ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ wà nínú agboolé oníbàdí ẹyẹ yìí. Ewé ni wọ́n ń jẹ. Tí ẹ bá ń rìn wọnú agboolé náà lọ, ẹ ó kọ́kọ́ kan ẹbí ńlá tí wọ́n ń pè ní Ornithopoda, lẹ́yìn náà àwọn ìbátan Iguanodon, kí ẹ tó dé ojúlé Hadrosauridae. Àwọn tó wà ní ojúlé yìí nìkan ni ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ pọ́ńbélé. Yàrá méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn Saurolophinae wà ní ọ̀kan: orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí kí wọ́n ní ogbe egungun tí inú rẹ̀ dí. Àwọn Lambeosaurinae wà ní ìkejì, ogbe tiwọn ni inú rẹ̀ ṣófo bíi fèrè. Nínú orúkọ Lawrence Lambe, onímọ̀ ọmọ Kánádà, ni wọ́n ti yọ orúkọ yàrá kejì yìí.

Níbo wá ni Ouranosaurus ará Niger jókòó sí? Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tíì wọnú ojúlé. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó tẹ́, eyín ò sí níwájú rẹ̀, tí ẹ bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ẹ ó ní pẹ́pẹ́yẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà, ó sì ṣe ṣóńṣó bí ìṣó, bíi ti Iguanodon. Àwọn ọmọ ojúlé Hadrosauridae ò ní àtàǹpàkò mọ́ rárá. Eyín rẹ̀ náà ò tò léra wọn tó tiwọn. Àti pé mo ní ó ní ogbe! Gegele kékeré méjì ló wà lórí egungun imú rẹ̀, láàárín ihò imú àti ojú, ó tán. Ohun tó ga lára rẹ̀ kì í ṣe orí, ẹ̀yìn ni: àwọn egungun tó nà sókè láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn mìíràn gùn ju ààbọ̀ mítà lọ, tí àwọn kan fi ń yà á pẹ̀lú nǹkan bí ìgbòkun lẹ́yìn, tí àwọn mìíràn sì ń yà á pẹ̀lú iké bíi ti màlúù Fúlàní. Ó gùn tó mítà 7 sí 8. Ó ti gbé ayé láti ohun tó lé ní 110 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Tí ẹ bá lọ sí Niamey, ẹ yà sí Musée National Boubou Hama, egungun rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọmọ náà kọ gbogbo ẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí mo mọ̀ pé ó máa béèrè: “Àǹtí, ta wá ni ológbe gan-an?”

Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Àbúrò mi ń sin pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin àti adìẹ, àkùkọ kan sì wà níbẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni pé òun ló nilé. Mo ní kó wo ẹnu pẹ́pẹ́yẹ dáadáa. Ẹnu náà tẹ́, ó rọ̀ létí, ó fi ń ku omi àti ẹrẹ̀ kó tó mú oúnjẹ níbẹ̀. Àwọn àgbà onímọ̀ tó kọ́kọ́ rí agbárí hadrosaur rò pé bó ṣe ń jẹun náà nìyẹn, pé inú àbàtà ló ń gbé. Wọ́n ti fi èrò yẹn sílẹ̀ tipẹ́. Ohun líle bí èékánná ló bo iwájú ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ sísàlẹ̀, ó fi ń já ewé àti ẹ̀ka ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹrẹ̀kẹ́ wá, ibẹ̀ niṣẹ́ wà: eyín tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀, tó lẹ̀ mọ́ra wọn bí ìgànná, tí òmíràn ti wà nísàlẹ̀ tó ń dúró de èyí tó wà lókè kó jẹ tán. Tí ẹ bá ti rí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata rí, ẹ ti mọ bí ẹnu yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ ò ní eyín kan ṣoṣo. Orúkọ tún ṣì wá lọ́nà nìyẹn o, lẹ́ẹ̀kejì.

Ó máa ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn, ó sì lè dìde fi méjì sáré. Ìrù rẹ̀ le gan-ran lẹ́yìn, ó fi ń gbé ara rẹ̀ dúró déédéé.

Wàyí o, ogbe. Ẹni tí mo fi ṣàpẹẹrẹ ni Parasaurolophus, òun lẹ sábà máa ń rí nínú fíìmù, tí nǹkan gígùn kan yọ lẹ́yìn orí rẹ̀ bíi kàkàkí. Ní 1920 ni àwọn èèyàn Yunifásítì Toronto rí àkọ́kọ́ ní Alberta, ní Kánádà, William Parks sì sọ ọ́ ní Parasaurolophus walkeri ní 1922. Orúkọ náà túmọ̀ sí “èyí tó sún mọ́ Saurolophus”. Bẹ́ẹ̀ ogbe Saurolophus dí nínú, ti Parasaurolophus ṣófo! Yàrá wọn ò pa pọ̀ rárá. Orúkọ náà ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ nínú ẹ̀: walkeri, tubicen tí Wiman sọ lórúkọ ní 1931, àti cyrtocristatus tí Ostrom sọ lórúkọ ní 1961. Ogbe ti ìkẹta yìí kúrú, ó sì tẹ̀ bíi dòjé.

Ogbe àkùkọ ẹran ni, ẹ bá dì í mú ó rọ̀. Ogbe Parasaurolophus, egungun imú ló nà lọ sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí agbárí walkeri, pẹ̀lú ogbe rẹ̀, fi gùn tó mítà kan àti ààbọ̀ ó lé. Inú rẹ̀ ni ọ̀nà imú gbà. Bí ó bá mí, afẹ́fẹ́ á wọ ihò imú, á gba inú ogbe gòkè lọ dé òpin, á yí padà, á tún sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ọ̀nà ọ̀fun. Kí ló fẹ́ fi gbogbo ìrìnàjò yẹn ṣe? Àwọn kan kọ́kọ́ ní ó fi ń mí nínú omi, pé ó máa ń na ogbe sókè omi bí ọ̀pá. Ẹnì kan wá wo òpin ogbe náà dáadáa: kò sí ihò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà báyìí ni pé fèrè ni. Ní 1981 ni David Weishampel fi ìṣirò hàn pé irú ọ̀nà afẹ́fẹ́ gígùn bẹ́ẹ̀ máa gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ohùn tó ń lọ jìnnà. Ní 1995 wọ́n rí agbárí tubicen kan ní New Mexico, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ síkáànù ilé ìwòsàn, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọpọlọ aláìsàn, àwọn ará Sandia National Laboratories sì fi kọ̀ǹpútà mú ohùn jáde látinú ẹ̀ ní 1997. Ẹran ara ọ̀fun ti jẹrà látọjọ́ yìí wá, nítorí náà ohùn ọ̀nà afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi fóònù gbé e fún ọmọ àbúrò mi, àkùkọ ọ̀hún dákẹ́. Mi ò parọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ló rí.

Àwọn kan tún yẹ etí inú àwọn Lambeosaurinae wò nípa síkáànù, wọ́n gbé èsì jáde ní 2009: etí náà bá ohùn ìsàlẹ̀ mu. Ẹni tó ń fọn fèrè àti ẹni tó ń gbọ́ ọ, ẹ rí i pé wọ́n bára wọn mu. Ogbe náà tún wà fún ojú rírí, kí ẹnì kan lè dá ẹnì kejì rẹ̀ mọ̀ lókèèrè, kí akọ lè ṣe fáàrí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Nínú àlọ́, pósí ni àgbìgbò gbé karí. Àwọn ẹyẹ irú rẹ̀ nínú igbó wa, àwọn tó ní àpótí lórí àgógó ẹnu, àpótí náà fúyẹ́, inú rẹ̀ ò dí. Ìbátan tòótọ́ kọ́ ni wọ́n pẹ̀lú Parasaurolophus o, wọ́n kàn jọ rí ọgbọ́n kan náà dá ni. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹni gíga àti ẹni pupa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí mo ti wá jókòó ti ọmọ yìí, tí mo sọ fún un pé kó má fojú kéré àṣìṣe tirẹ̀ ní kíláàsì, ni ìtàn Peter Dodson. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá ti rí agbárí tí ogbe rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ ní Alberta, orúkọ tuntun ni. Ogbe kékeré, orúkọ. Ogbe ńlá, orúkọ. Ogbe tó tẹ̀ sí iwájú, orúkọ. Wọ́n ní oríṣi 12. Ní 1975, Dodson fi rúlà wọn gbogbo agbárí tó rí, ó sì fi hàn pé oríṣi 3 péré ni: àwọn tó kù jẹ́ ọmọdé àti àgbà, tàbí akọ àti abo. Àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n ti rí òròmọdìẹ tí kò tíì hu ogbe, wọ́n ní ẹyẹ mìíràn ni, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ní 2013 wọ́n gbé èsì jáde nípa ọmọ Parasaurolophus kan tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama rí ní Utah. Kò tíì pé ọdún kan nígbà tó kú, ó ti gùn tó mítà méjì àti ààbọ̀, ogbe rẹ̀ ò sì ju gegele kékeré lọ. Ká ní agbárí yẹn nìkan ni wọ́n rí láyé àwọn ti ìṣáájú, orúkọ tuntun nìyẹn.

“Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, Àǹtí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Bíi tìẹ.”

Ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Àwọn tí a sì ń pè ní olórí pẹrẹsẹ ńkọ́? Edmontosaurus jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò ní ogbe egungun kankan. Ní ìparí 2013, àwọn onímọ̀ kéde ọ̀kan tí awọ rẹ̀ ṣẹ́kù sára òkúta ní Alberta: ogbe ẹran wà lórí rẹ̀, bíi ti àkùkọ gẹ́lẹ́! Kò sí egungun nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ̀ látọjọ́ yìí. Ẹni tó bá ń fi agbárí àkùkọ nìkan ya àkùkọ, kò ní ya ogbe sí i.

Ó ku Áfíríkà. Títí di àìpẹ́ yìí, Amẹ́ríkà, Éṣíà àti Yúróòpù ni wọ́n ti ń rí ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ pọ́ńbélé. Áfíríkà dá wà láàárín òkun nígbà yẹn bí erékùṣù, kò sì sẹ́ni tó retí wọn níbí. Ní 2020 ni Nicholas Longrich àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ọ̀kan láti Mòrókò. Inú ibi tí wọ́n ti ń wa fọ́síféètì ní Khouribga ni egungun náà ti wá, fọ́síféètì tí wọ́n fi ń ṣe fẹ́tílásà, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ Fìdítì àti Ìlọrà máa ń bú sórí oko. Wọ́n pè é ní Ajnabia odysseus. “Ajnabi” ni àjèjì ní èdè Lárúbáwá. Odysseus ni arìnrìn-àjò ojú òkun inú ìtàn àwọn Gíríìkì. Kò ga, nǹkan bíi mítà 3 ni gígùn rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn ló sì gbé ayé, nígbà tí ìparun àwọn dáínọ́sọ̀ ti sún mọ́lé. Ní 2024 ni ìbátan rẹ̀ tún yọjú níbẹ̀: Minqaria bata. Bàtà ẹsẹ̀ kọ́, bàtá onílù náà kọ́. Pẹ́pẹ́yẹ ni “bata” lédè Lárúbáwá, “minqar” sì ni àgógó ẹnu.

Ohun tó wú mi lórí jù nípa àwọn méjèèjì yìí ni pé ẹnikẹ́ni ò tíì rí ogbe wọn. Egungun ẹrẹ̀kẹ́ àti eyín ni Ajnabia ní, ti Minqaria kàn fi díẹ̀ jù ú lọ. Síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ láìmikàn pé yàrá ológbe, Lambeosaurinae, ni wọ́n wà. Báwo? Ilà ni. Bí eyín ṣe rí, bí egungun ẹrẹ̀kẹ́ òkè ṣe so mọ́ egungun tó kù, àmì wọ̀nyẹn bá ti àwọn ológbe mu, ó sì sún mọ́ àwọn tí wọ́n ti rí ní Sípéènì àti Faransé gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fura pé wọ́n ti Yúróòpù sọdá omi wá, yálà wọ́n lúwẹ̀ẹ́ ni tàbí omíyalé gbé wọn lórí igi. Mo fi “nigeriensis” nìkan kéde orílẹ̀-èdè tí ẹranko ti wá. Àwọn yìí fi eyín mélòó kan mọ ilé baba rẹ̀.

A ti jẹun ọ̀sán tán nígbà tí ọmọ náà fi ọwọ́ tọ́ka sí òkìtì òkúta ẹ̀bá kànga. Mo rò pé ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ látàárọ̀ nìyẹn.

“Ṣé kò lè sí ọ̀kan níbí?”

Ó wù mí kí n ní ó lè wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ ṣàṣìṣe yẹn. Egungun ò lè di òkúta àfi tí ẹrẹ̀ tàbí yanrìn bá tètè bò ó, tí òmíràn sì ń hù lé e ní ìpele-ìpele. Òkúta abẹ́ Akínmọ̀ọ́rìn, àti ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í ṣe irú ìyẹn. Inú ilẹ̀ jíjìn, nínú ooru ńlá, ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tó sì ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nǹkan bíi 230 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni dáínọ́sọ̀ àkọ́kọ́ dáyé. Òkúta náà ti wà kí wọ́n tó dé. Mo ní kó fi omi ṣan ọ̀kan, a rí àwọn ìlà funfun àti dúdú tó ń dán nínú ẹ̀, tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ pò ó. Ó ṣeé ṣe kí dáínọ́sọ̀ ti rìn kọjá níbí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n rìn lórí rẹ̀ ti wọ́ lọ. Kódà òkúta ẹfun Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ẹ̀yìn ìparun wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nínú òkun. Ẹni tó bá fẹ́ wá egungun ayé wọn ní Nàìjíríà, àwọn ilẹ̀ onípele bíi ti Sókótó ni kó kọjú sí.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òkúta tòun dàgbà ju dáínọ́sọ̀ tísà lọ. Mo ní òdodo ni. Ó mú un sínú báàgì ilé ìwé rẹ̀.

Mo ti lọ tún àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣìnà yẹn ṣe. Mi ò pa gbólóhùn náà rẹ́, mo fa ìlà gba orí ẹ̀ kọjá kí ẹ lè rí i, mo sì kọ òótọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Mo ka èyí tí ẹ ń kà yìí sí ọmọ àbúrò mi létí kí n tó gbé e jáde. Àtúnṣe kan ṣoṣo ló ṣe: mo ti kọ “ọmọ kékeré kan” sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ní kí n yọ ọ́, kí n kọ pé JSS 2 lòun wà.